Lẹ́tà sí obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n

Màmá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò sì mọ orúkọ yín, ẹ̀rín yín nìkan ni mo ń gbọ́ láàárín èrò tó ń rín lẹ́yìn àwọn eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó ọgọ́rùn-ún obìnrin jọ sínú yàrá tó ṣókùnkùn, tí wọ́n pa wọ́n lẹ́rìn-ín, màá nàka sí yín. Ẹ kì í bá àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ń mú un dúró díẹ̀ ná, bí ẹni tó fẹ́ sín, kó tó wá bẹ́ lókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, "híìììì!", ẹ ó sì tún fà á padà sínú bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Gbogbo èrò á ti dákẹ́ tán, ẹ̀yin á ṣì wà lórí ẹ̀.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Houston, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo sì máa ń sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́, àwọn arúgbó, àwọn tí kò ríṣẹ́ àti àwa oníṣẹ́ òru la ni tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ìkànnì wà tó jẹ́ pé eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń tún gbé jáde láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Èmi á mú rìmóòtù, màá máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí ìkejì: I Love Lucy láàárọ̀, Flintstones lọ́sàn-án, àwọn Simpson tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Ìyàwó mi ní àìsùn ló ń dà mí láàmú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nínú eré Lucy kan, nídìí iṣẹ́ ṣokoléètì, ni mo ti kọ́kọ́ dá yín mọ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní 1952. Lucy àti Ethel ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró ti bẹ́líìtì tó ń gbé ṣokoléètì kọjá, iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa fi bébà wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́líìtì yá. Ó tún yá sí i. Ni wọ́n bá ń jù ú sẹ́nu, wọ́n ń rọ ọ́ sínú fìlà, wọ́n ń tì í bọ àyà. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan níbẹ̀ tó lè ṣe mí ní kàyéfì. Mo rín in, mo tún gbọ́ tí ẹ̀yin náà ń rín in, "híììì", bí ẹni pé ẹ wà lórí àga kejì nínú pálọ̀ mi.

Mo wá wádìí bí ẹ ṣe débẹ̀. Nígbà tí eré náà ń bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fẹ́ kí wọ́n máa ṣe é ní New York, kó máa lọ sórí afẹ́fẹ́ tààrà, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà. Lucille Ball, tó ń ṣe Lucy, àti ọkọ rẹ̀, Desi Arnaz, ní àwọn ò kúrò ní California. Wọ́n gbà kí wọ́n dín owó wọn kù, àwọn á yà á sórí fíìmù, fíìmù náà á sì jẹ́ tàwọn. Kámẹ́rà mẹ́ta ló ń yà á pọ̀, níwájú èèyàn bíi 300 tó jókòó nínú sítúdíò ní Hollywood. Ọ̀pọ̀ eré ìgbà náà ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Tiyín wà, nítorí pé tọkọtaya kan kọ̀ láti kó ẹrù.

Wọ́n ní ìyá Lucille gan-an, DeDe, kì í pa ọjọ́ kan jẹ, àti pé òun ni à ń gbọ́ tó máa ń ké "ọ̀-ọ̀!" bí aburú bá ti fẹ́ dé bá ọmọ rẹ̀. Ìyá ni ìyá ń jẹ́. Ó mọ̀ pé eré ni, síbẹ̀ ara rẹ̀ ò gbà á.

Ohun tó bá mi lójijì ni pé mo tún gbọ́ yín nínú eré tó jẹ́ pé ẹ ò lè sí níbẹ̀. Màá búra pé ẹ̀yin ni. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ìtàn Charley Douglass, onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn ní CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó kan àpótí kan tó ní bọ́tìnnì bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó kó oríṣi ẹ̀rín 320 sínú ẹ̀ lórí téèpù: ẹ̀rín músẹ́, ẹ̀rín ìyàwó ilé, ẹ̀rín àríntàkìtì. Ẹ̀rín èrò tó ti rín níbòmíràn ni, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú eré mìíràn. Ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ó máa ń fi ágádágodo ti àpótí náà ni, láti sítúdíò dé sítúdíò, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo inú rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Emmy ní 1992. Ẹ̀yin tí ẹ rín in ńkọ́? Kọ́bọ̀ ò kàn yín. Ẹ lọ wo eré nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ padà sílé lọ dáná, ẹ̀rín yín sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní.

Èmi ò lè bá wọn bínú púpọ̀, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ẹ̀rín orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí mo dé, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, mo ti kà á jáde nílé ìwé. Ibi tí àwàdà fara pamọ́ sí nínú ẹ̀ ni mi ò rí. Ẹnì kan á kàn dárúkọ Cleveland, ẹ ó bú sẹ́rìn-ín. Kí ni Cleveland ṣe? Ìlú kọ́ ni? Èmi náà á rín, mo á fi pamọ́ sọ́kàn pé bí wọ́n bá ti dárúkọ Cleveland, ẹ̀rín ni. Níbi iṣẹ́, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń sọ̀rọ̀ ìdí kọfí, mo ń wo ẹnu wọn. Bí ẹnì kan bá ti rín, mo ti bá a rín in.

Àwọn kan wà tí mo kọ̀ láti kọ́. Nínú Flintstones, ìyá Wilma á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, Fred ọkọ Wilma á fajú ro, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn, ẹ̀rín á sì gba gbogbo ilé. Ìyá ìyàwó rẹ o! Nílé wa, ọkùnrin náà á ti dọ̀bálẹ̀ kí ìyá náà tó gbé báàgì sílẹ̀, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ ń run ún. Mi ò rín síbẹ̀ rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló tiẹ̀ ń rín gan-an? Kàtúùnù nípa àwọn tó ń gbé láyé ìgbà òkúta ni, ti 1960, ọwọ́ ni wọ́n fi yà á. Kò sí bí èrò ṣe lè jókòó sítúdíò kí wọ́n máa wo ẹni tó ń ya òkúta. Síbẹ̀ ẹ̀rín ń dún.

Àwọn tó ṣe M*A*S*H tiẹ̀ bá ilé iṣẹ́ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Eré ogun Kòríà ni, àwọn dókítà ló kún inú ẹ̀. Wọn ò fẹ́ ẹ̀rín àpótí rárá, CBS ní dandan ni, ni wọ́n bá fi àdéhùn sí i pé bí wọ́n bá ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ẹnikẹ́ni má rín. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Bí ẹ bá ti dákẹ́ báyìí, èmi náà á mọ̀ pé wọ́n ti ń la ikùn ẹnì kan.

Lẹ́yìn náà ni mo bá àwọn Simpson pàdé, kàtúùnù ìdílé kan, tí ẹ ò sì sí níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rín kankan lẹ́yìn wọn. Bart, ọmọ ọdún mẹ́wàá, á dúró níwájú bàbá rẹ̀, á pè é ní "Homer". Kì í ṣe Dádì, kì í ṣe Bàbá wa. Homer á sì fún un lọ́rùn. Èmi á jókòó, mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ni àbí ẹjọ́. Ẹ gbọ́ ná: Matt Groening tó dá eré náà sílẹ̀, orúkọ bàbá tó bí i gan-an ni Homer! Ọmọ Yorùbá wo ló máa dán irú ẹ̀ wò, tí wọ́n á tún sanwó fún un?

Ìgbà tí wọ́n tún gbé èyí àkọ́kọ́ jáde ló yé mi. Oṣù Kejìlá 1989 ni wọ́n fi í hàn. Ọ̀gá Homer kò san owó ọdún. Kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó lọ ń ṣe Bàbá Kérésì nílé ìtajà, owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n fún un, ó fi ta tẹ́tẹ́ lórí ajá tó ń sáré, ajá sì gbẹ̀yìn. Ajá náà ló mú lọ sílé. Màmá, ta ni òṣìṣẹ́ ní ìlú tí mo ti wá tí Kérésì kò bá lọ́wọ́ òfìfo rí? Mo rín títí ìyàwó mi fi bi mí láti kíṣìnnì pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó tọ́ka ibẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá lọjọ́ náà bọ́ sí. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Nínú eré Lucy, Ricky ọkọ rẹ̀, tí Desi Arnaz ń ṣe, á gbé ìlù kọ́ńgà kọ́ èjìká, á máa lù ú kíkankíkan, á sì máa ké "Babalúúú!" Ẹ̀yin á pàtẹ́wọ́, ẹ ó hó. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń pè? Ọbalúayé ni, tí àwọn àgbà wa kì í dárúkọ ní ọ̀sán gangan. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀ Gbígbóná, kí ìgbóná má baà wọlé tọ̀ wọ́n. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ló gbé e débẹ̀, tí wọ́n ń bọ ọ́ lábẹ́ orúkọ Lásárù mímọ́. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá yẹn náà lọdún rẹ̀, èrò á rọ́ lọ sí El Rincón lẹ́bàá Havana, àwọn mìíràn á fi orúnkún wọ́ débẹ̀. Desi Arnaz fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹrú. Bàbá rẹ̀ ti ṣe olórí ìlú Santiago de Cuba rí. Orin tí Margarita Lecuona kọ ló ń kọ. Ṣùgbọ́n Olóde ló ń pè.

Màmá tó bí mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ tí wọ́n fi "Babalú" yẹn hàn. Ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì ni wọ́n, wọn kì í fi ààwẹ̀ ṣeré. Wọ́n gbé ojú sókè látinú Bíbélì: "Ta ló ń pe Olóde lọ́sàn-án báyìí?" Wọ́n ní kí n yí i palẹ̀. Mo yí i palẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e sókè, àwọn fẹ́ gbọ́ ibi tó parí sí. Bí ẹ ṣe ń hó nínú sítúdíò yẹn, ìyá kan ń pa Bíbélì dé ní Houston, kò sì sí bọ́tìnnì fún ìyẹn nínú àpótí Douglass.

Láti 2019 sí 2024 ni CBS ṣe eré kan nípa nọ́ọ̀sì Yorùbá kan ní Detroit, Bob Hearts Abishola. Folake Olowofoyeku ló ṣe Abishola. Àwọn àǹtí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa fi Yorùbá sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì á máa sáré nísàlẹ̀. Mo máa ń fetí sí èrò tó wà lẹ́yìn. Ẹ̀rín tèmi ti lọ, ó ti dé, kí wọ́n tó ka àkọlé náà tán.

Ẹjọ́ kan ló kù tí mo fẹ́ fi sùn yín. Eré ayé yín máa ń gba ìṣẹ́jú 25 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti òde òní kì í sábà kọjá 22, ìpolówó ló jẹ ìyókù. Ìkànnì tí mò ń wò ti wá ń gé tiyín kó lè bá a mu. Ẹ̀yin á ti mú un dúró, ẹ fẹ́ sín in, mo ti múra sílẹ̀, "hí", oògùn orúnkún ti wọlé. Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rín in tán. Ẹ sì bá mi kí DeDe, bí ẹ bá jọ jókòó.

Ọmọ yín,
ní Houston