Kàsálí, a rò pé Múfú ń sùn ni

Kàsálí ọ̀rẹ́ mi,

Ó ṣeé ṣe kí o ti gbọ́, torí àwọn ará páàkì ò mọ nǹkan pa mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó máa sọ ọ́ fún ẹ ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ni mo tò sí.

Kí n tó dé orí ẹ̀: ilé dára. Bọ́lá ti ṣe WAEC tán, a ń retí èsì. Onílé ti fi owó lé owó ilé. Wọ́n gbẹ́ títì àdúgbò wa, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó parí.

Múfú ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ Ajé kan báyìí, aago mọ́kànlá ti ń lọ, a tò ní páàkì Ìwó Road, Dùgbẹ̀ la fẹ́ gbé. O mọ ìṣe ẹ̀: tó bá ti tò tán, á gbé orí lé sítẹrin, á fi fìlà bo ojú, kò sẹ́ni tó máa dà á láàmú àfi tó bá kàn án. Màíkírà tó wà níwájú ẹ̀ kún, ó lọ. Ó kan Múfú. Èrò mẹ́ta wọ ẹ̀yìn, méjì fún ara wọn mọ́ iwájú. Múfú ò mira. Mo tẹ fèrè. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo bú u, Kàsálí! Mo ní, "Ọ̀lẹ ajẹ-àmàlà-sùn, wakọ̀ máa lọ!" Gbogbo páàkì rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó jókòó tì í níwájú ló figbe ta, ó ní itọ́ ń dà lẹ́nu dírẹ́bà.

A gbé e jáde. Apá ọ̀tún ń fì bí apá ẹ̀wù tí wọ́n sá sórí okùn. Mọ́tò tèmi la gbé e sí, a kọrí sí ilé ìwòsàn UCH. Gbogbo Agodi Gate dí pa. Èmi tí mo máa ń bú àwọn tó ń kọjú sí mọ́tò ẹlòmíì, èmi náà kọjú sí wọn lọ́jọ́ yẹn, iná ń tàn, ọmọ kékeré kan ń na ọwọ́ láti ojú wíńdò pé kí wọ́n yà fún wa. A ti fẹ́ dé Oríta Mẹ́fà nígbà tí Múfú ya ẹnu, ohùn ẹ̀ ò já gaara, ó ní, "Ṣé ó ti kàn mí?"

N ò mọ ohun tí mo fi dá a lóhùn.

Kò kú o, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó ti wà nílé báyìí, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò jẹ ẹnikẹ́ni ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn torí pé òun ò gbé èrò dé ibì kan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ jíà ni ọwọ́ tó kú yẹn. Ìyàwó ẹ̀ ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ti wà lára ẹ̀ tipẹ́, kò sì mọ̀. Ibi tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Tó bá jẹ́ ibà, ara á gbóná. Èyí á kàn jókòó sára ẹ bí èrò tí ò lówó lọ́wọ́, kò ní sọ̀rọ̀, ó di ibi tó ń lọ kó tó já ọ láyà.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ wọn tèmi ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Mo ti ń ṣàwàdà kí n tó jókòó. Ọmọbìnrin náà ò lè ju Bọ́lá lọ. Ó wé aṣọ náà mọ́ mi lápá, ó wú, ó fún mi pinpin. Ó wo nọ́ńbà, ó wo ojú mi. Ó ní kí n sinmi díẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n. 176 lórí 112. Ó ní tó bá ti tó 140 lórí 90 ló ti ga. Ó ní, "Bàbá, ta ló sìn yín wá?" Mo ní èmi ni mo wakọ̀ wá, mo ṣì fẹ́ gbé èrò padà. Kò rẹ́rìn-ín.

Dókítà fún mi ní oògùn méjì. Ìkan ń jẹ́ amlodipine, òun ò ní wàhálà, kìkì pé ọrùn ẹsẹ̀ mi ń wú díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Èkejì ni ejò lọ́wọ́ mi: oògùn tó ń múni tọ̀. O rántí pé ńṣe la máa ń yẹra fún omi kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wá lójú títì. Ní ọjọ́ kejì tí mo lò ó, mo gbé èrò márùn-ún, a dé Mọ́kọ́lá, mọ́tò ò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Mo pa iná, mo ní "ẹ má bínú," mo sá bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Ìgbà tí mo padà dé, fèrè ń dún lẹ́yìn mi bí ọjọ́ ìgbéyàwó, èrò kan sì ti sọ̀ kalẹ̀ láìsanwó. Mo fi oògùn náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà gbọ́, ó fi ojú gbá mi létí. Ó ní tí oògùn bá ń yọ mí lẹ́nu, kí n wá sọ, kí n má dá a dúró fúnra mi. Ní báyìí, ọmọ tó ń tọ́jú ṣáláńgá páàkì, owó ọ̀sẹ̀ ni mò ń san fún un, bí ẹni ń dá àjọ.

Mo ti jáwọ́ nínú paraga. Wòlíì ni wọ́n ń pè mí. Ìyá Ràfátù olóúnjẹ ti dín iyọ̀ ọbẹ̀ tèmi kù, gbẹ̀gìrì yẹn ò sì rí bíi gbẹ̀gìrì mọ́. Wọ́n ní kí n máa rìn, mo wá ń rìn yí páàkì ká tí mo bá tò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, agbèrò kan rò pé mo fẹ́ sá fún owó tíkẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀lé mi yípo mẹ́ta. Òun náà ṣe eré ìdárayá.

Oorun ni n ò rí. Nígbà tí o lọ ní 2022, jálá epo kan ò tó 200 náírà. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́, o mọ bó ṣe di. Tí mo bá jáde láago márùn-ún ìdájí, ó máa ń tó aago mẹ́ta ọ̀sán kí n tó rí owó epo àti owó Alàájì tó ni mọ́tò, ẹ̀yìn ìyẹn ni tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méje lọ́sẹ̀. Dókítà ní kí n máa sinmi lọ́jọ́ kan, mo ní mo ti gbọ́.

Kàsálí, jọ̀ọ́, bá mi bá ẹ̀gbọ́n ẹ sọ̀rọ̀. Kí Alàájì gba owó ọjọ́ mẹ́fà, kí mọ́tò náà sinmi ní ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n má sọ pé ara mi ò yá o! Tó bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ó máa gba mọ́tò ẹ̀ fún ẹni tí ara ẹ̀ le, n ò sì ní dá a lẹ́bi. Sọ pé ẹ́ńjìnnì ló nílò ìsinmi. Lẹ́yìn ohun tí o ṣe fún un ní Aṣéjìrẹ́ yẹn, kò sóhun tí o ní kó ṣe tó máa kọ̀.

Ìwọ náà ń wakọ̀ lóru nínú yìnyín Kánádà. Ṣé o ti wọn tìẹ? O mọ ohun tó mú bàbá ẹ lọ. Wọ̀n ọ́n, kí o sọ nọ́ńbà fún mi, má ṣàwàdà.

Ó ku mọ́tò kan níwájú mi.

Èmi ni,
Délé

Ìyá ẹ ní èlùbọ́ ti wà nílẹ̀. Ta ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ tó máa gbé e?