Àjọkẹ́, má fi habría tẹ̀lé si

Bódìjà, Ìbàdàn

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Mo ka iṣẹ́ Sípáníìṣì tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ kí ó bá ọ wọ yàrá DELE B2, ìdánwò Sípáníìṣì tí o fẹ́ ṣe. Níbi tí o bá ti fẹ́ sọ ohun tí ìbá ti ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣẹlẹ̀, o ń kọ «si había» níhìn-ín, o ń kọ «si habría» lọ́hùn-ún (si yìí ni «bí» tàbí «ká ní» tiwa).

Mo mọ ibi tí ó ti wá. Gẹ̀ẹ́sì lo fi ń rò ó. O rí «had», o kọ había. O rí «would have», o kọ habría. Fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ níbẹ̀, kí o gba ọ̀nà Yorùbá. Bí àwọn àgbà ìlú yìí bá ń sọ̀rọ̀ omíyalé ọdún 1980, wọ́n á ní: «Ká ní òjò ò pọ̀ tó yẹn ni, odò Ògùnpa kì bá tí ya wọlé onílé.» Kò sẹ́ni tí wọ́n máa ń là á yé pé òjò náà rọ̀. Gbé e bẹ́ẹ̀ sínú Sípáníìṣì: «Si no hubiera llovido tanto, el Ogunpa no se habría desbordado.» Hubiera ló ń bá «ká ní» rìn, habría ló ń bá «ìbá» rìn.

Àyè kan wà tí hubiera lè gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí àwa náà ṣe ń sọ pé «Ìbá ṣe pé mo mọ̀ ni, ǹ bá ti wá»: «Si lo hubiera sabido, hubiera venido.» Habría kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn si. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan ní àríwá Spéìn, má jẹ́ kó tàn ọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ lóòótọ́, wọn kì í gbà á nínú ìwé.

Ibi tí Yorùbá kò ti ní ràn ọ́ lọ́wọ́ ni àkókò. Ẹni tó ní «Ká ní mo lówó ni, ǹ bá rà á» lè máa sọ ti òní, ó sì lè jẹ́ ti èṣí. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni yóò jẹ́ ká mọ̀. Sípáníìṣì kò gbà bẹ́ẹ̀. «Si tuviera dinero, lo compraría»: ọjà ṣì wà nílẹ̀, owó ni kò sí. «Si hubiera tenido dinero, lo habría comprado»: ó ti bọ́, ẹlòmíràn ti rà á lọ.

Wá wo Cocoa House ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ parí ní 1965. «Si no hubiera habido cacao, hoy Dugbe no tendría ese edificio.» Ká ní kò sí kòkó nígbà náà ni, Dùgbẹ̀ kì bá ní ilé yẹn lónìí. Àná wà ní apá kan, òní wà ní apá kejì, gbólóhùn kan ló gbé méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú èdè náà nìyẹn, òun gan-an sì ni mo fẹ́ kí o mọ̀ dunjú.

Ìyókù kò le. Hubiese àti hubiera, ọ̀kan náà ni wọ́n lẹ́yìn si, mú hubiera. Má gbàgbé àmì orí hubiéramos. «Si ella hubiera venido» ni, kì í ṣe venida, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Kọ́ àwọn tí ìrísí wọn yàtọ̀ lẹ́yìn hubiera sórí: hecho, dicho, visto, escrito, puesto àti roto.

Kọ gbólóhùn mẹ́wàá ránṣẹ́ sí mi kí Sátidé tó dé, nípa ilé wa àti ìlú wa. Má mú ìkankan nínú ìwé. Jẹ́ kí méjì nínú wọn, ó kéré tán, parí sí òní bíi ti tendría yẹn. Máa jẹun dáadáa o.

Èmi ni,
Ìyá rẹ