Ẹ Má Fi Orúkọ Tí Ẹnikẹ́ni Lè Yí Padà Dá Ènìyàn Mọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti àwọn tó ń kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà, sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fojú kéré. Ohun náà ni ọ̀nà tí ètò ń gbà mọ ẹni tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà, pàápàá kọ̀ǹpútà tó ṣì ń lo Windows tàbí Unix àtijọ́. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kò tíì tán nílé iṣẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń gé irin tàbí èyí tó ń ṣe àyẹ̀wò ni wọ́n so mọ́ òmíràn nínú wọn, ètò tó sì ń darí ẹ̀rọ náà kò lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Oṣù keje ọdún 2006 ni Microsoft jáwọ́ lórí Windows 98, wọ́n sì jáwọ́ lórí Windows XP ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ṣùgbọ́n àwọn ètò tó wà lórí wọn kò jáwọ́ nínú kíkọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ló ṣe èyí, tàmẹ̀dò ló pa tọ̀hún rẹ́. Bí orúkọ tí wọ́n kọ bá jẹ́ irọ́, aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ ni yóò wá ṣàlàyé ohun tí kò ṣe.

Ọ̀nà tí mo ń bá pàdé jù nínú kóòdù ni pé kí ètò ka ohun tó wà nínú USERNAME, ọ̀kan lára àwọn environment variable, ìyẹn àkọsílẹ̀ kéékèèké tí ètò ń jogún lọ́wọ́ ètò tó ṣí i. Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ni, ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣí command prompt, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, lè fi àṣẹ set kọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sínú USERNAME, kí ó sì ti ibẹ̀ ṣí ètò náà, ètò náà yóò sì gbà pé ọ̀gá ló wọlé. Ó dà bí ìgbà tí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá ń ka orúkọ tí àlejò fúnra rẹ̀ kọ sára aṣọ. Kì í ṣe ìyẹn nìkan: Windows 95 àti 98 kì í fi orúkọ kankan sínú USERNAME bí ẹnìkan kò bá ṣètò rẹ̀, nítorí náà òfìfo ni ètò máa ń bá níbẹ̀.

Ọwọ́ Windows fúnra rẹ̀ ló yẹ kí a ti béèrè. Fọ́ńkíṣọ̀n GetUserName, èyí tí ètò fi ń béèrè orúkọ ẹni tó wọlé, tó wà nínú fáìlì Windows tó ń jẹ́ advapi32.dll, ti wà láti ayé Windows NT àti Windows 95. Àyè fún lẹ́tà 257 ni kí a pèsè fún un, torí pé orúkọ lè gùn tó 256, ẹyọ kan sì wà fún òpin rẹ̀. Lórí Windows NT àti àwọn arọ́pò rẹ̀ bíi 2000 àti XP, ohun tí fọ́ńkíṣọ̀n yìí ń dá padà wá láti inú token, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí Windows ṣe nígbà tí ẹni náà fi páásíwọ́ọ̀dù wọlé, àṣẹ set kò sì lè fọwọ́ kàn án.

Windows 95, 98 àti Me yàtọ̀, mo sì bẹ àwọn òǹkàwé kí wọ́n fara balẹ̀ níbí. Lórí wọn, ẹni tí àpótí ìwọlé bá yọ sí lè tẹ bọ́tìnnì Esc kí ó sì kọjá lọ, tàbí kí ó kọ orúkọ tuntun àti páásíwọ́ọ̀dù tó wù ú, kọ̀ǹpútà yóò sì gbà á bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn tó ṣe é kò ṣe é láti dènà ẹnikẹ́ni. Wọ́n fẹ́ kí oníkálukú lè ní àwòrán ojú kọ̀ǹpútà àti ìṣètò tirẹ̀ ni. GetUserName yóò dáhùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kì í ṣe ẹ̀rí. Bí iṣẹ́ bá gba ẹ̀rí, ètò náà gbọ́dọ̀ béèrè páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mìíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ó bá jẹ́ orúkọ kíkún ni a ń wá, GetUserNameEx dé pẹ̀lú Windows 2000. Ẹni tó bá so ó mọ́ ètò rẹ̀ ní tààrà yóò rí i pé ètò náà kò ní ṣí rárá lórí Windows tó ṣáájú, kódà kí ìlà kóòdù àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́. LoadLibrary àti GetProcAddress, tó ń wá fọ́ńkíṣọ̀n lẹ́yìn tí ètò bá ti ṣí, ni kí a fi wá a, bí kò bá sì sí lórí NT 4, kí a lo NetUserGetInfo. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò sí nínú domain, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí a ń ṣàkóso àkántì wọn láti ojú kan, kí ẹnikẹ́ni má retí orúkọ kíkún lọ́wọ́ GetUserNameEx.

Láti ìgbà tí Windows XP ti jẹ́ kí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà láìjẹ́ pé ẹnìkan jáde, ìbéèrè pé ta ló wọlé kò tó mọ́. Service, ìyẹn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìdúró de ẹni tó wọlé, tó bá béèrè orúkọ lọ́wọ́ GetUserName sábà máa ń gbọ́ SYSTEM, nítorí pé orúkọ àkántì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. WTSGetActiveConsoleSessionId ni yóò sọ session (ìwọlé ẹnìkan láti ìgbà tó wọlé títí yóò fi jáde) tó wà níwájú kọ̀ǹpútà, WTSQuerySessionInformation yóò sì sọ ẹni tó ni ín.

Ní ti Unix, USER àti LOGNAME ní àìsàn kan náà bíi USERNAME. Fọ́ńkíṣọ̀n getlogin sàn jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ó nílò tẹ́míná, kò sì ní rí orúkọ kankan dá padà bí ó bá jẹ́ cron, tó ń ṣí ètò fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a yàn, ló ṣí ètò náà. Lórí SunOS 4, ọ̀kan lára àwọn Unix àtijọ́, ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan sínú fáìlì utmp, níbi tí àkọsílẹ̀ àwọn tó wọlé wà, tí getlogin sì ti ń wá orúkọ. Nọ́ńbà oníṣẹ́ tí getuid bá dá padà ni kí a gbé fún getpwuid, tí yóò fi wá orúkọ rẹ̀. Pápá gecos tó wà nínú èsì rẹ̀ ló sì máa ń ní orúkọ kíkún.

Mo tún rọ̀ wá kí a má fi orúkọ nìkan sínú àkọsílẹ̀. Alákòóso lè yí orúkọ àkántì padà lónìí, tàbí kí ó pa àkántì kan rẹ́ kí ó sì fún ẹlòmíràn ní orúkọ kan náà lọ́la, ṣùgbọ́n SID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Windows ń fún àkántì kọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ kò ní jẹ́ ti ìkejì lórí Windows NT. Kí a kọ méjèèjì pọ̀.

Ẹni tó bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè dán an wò: kí ó yí USERNAME padà, kí ó ṣí ètò náà láti ibẹ̀, kí ó sì wo orúkọ tí yóò kọ sílẹ̀. Bí orúkọ tuntun náà bá jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún kóòdù náà ṣe kí wọ́n tó tún fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ pe òṣìṣẹ́ kankan síwájú ìgbìmọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà kan