Rọ́bà etí gíláàsì ló ń ba ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́, kì í ṣe ẹrẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní kí àwa tá a ní ọkọ̀ àtijọ́ yé gba inú ẹrẹ̀ torí ẹrẹ̀ ló ń jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, mo sì ní mi ò lè dákẹ́ sí ọ̀rọ̀ yìí torí owó tó ti gbọ́n lọ lọ́wọ́ mi lórí ẹ̀ kò kéré. Òkè ni omi tó ń jẹ ilẹ̀kùn wa ti ń wá. Ẹ wo ìta ọkọ̀ yín, ibi tí gíláàsì ti ń wọnú ilẹ̀kùn bẹ́ ẹ bá wáìn ín wálẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa nu omi òjò dànù sóde. Ọjọ́ tí rọ́bà yẹn bá ti kú, inú ilẹ̀kùn ni òjò ń ṣàn lọ tààrà.

Pijó 504 ni mo fi ń sọ̀rọ̀ torí òun ni mo mọ̀. Bàbá mi ló ra èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó wà lára àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní 1975, àsìkò owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba fi kọ́kọ́ dẹni tó ní mọ́tò. A ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, a ti kun ún lọ́dà àìmọye ìgbà, àmọ́ rọ́bà etí gíláàsì yẹn, èyí tó bá a dé látilẹ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀ títí di àìpẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀ rí. Nígbà tí mo fi èékánná tẹ ti ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, ńṣe ló ń já wálẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé ilẹ̀kùn yìí fún páńẹ́lì bítà. Wọ́n á gé ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó ti jẹ, wọ́n á jó páànù tuntun mọ́ ọn, wọ́n á fi bọ́dì fílà dí i, wọ́n á fín ọ̀dà sí i, á dán gbinrin, kó tó di òjò ọdún kejì ọ̀dà ti tún wú bí eéwo. Mi ò bá wọn jà torí iṣẹ́ tí mo gbé fún wọn ni wọ́n ṣe.

Ọjọ́ tí mo tú ilẹ̀kùn náà fúnra mi lojú mi tó là. Mo yọ ọwọ́ tá a fi ń wáìn gíláàsì, mo yọ pákó tí wọ́n fi awọ bò nínú, pákó yẹn ti mu omi ó ti wú, ọ̀rá tó yẹ kó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti ya, omi sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, omi gidi, pẹ̀lú ewé máńgòrò tó ti jẹrà àti eruku ọyẹ́ tó ti di amọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan níbí o, kò sí ilẹ̀kùn mọ́tò tí omi kì í wọ̀ rárá, àwọn tó ṣe é náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kí ìwọ̀nba tó bá wọlé lè jáde. Àmọ́ tí rọ́bà òkè bá ti là, omi á pọ̀, ìdọ̀tí á bá a wọlé á dí ihò yẹn, omi á wá jókòó síbẹ̀ máa jẹ irin látinú bọ̀ síta. Kẹ́ ẹ tó rí i lára ọ̀dà, ó ti jẹ ẹ́ tán. Ìlà gbọọrọ tó ń wà lára gíláàsì náà, yanrìn tó há sára rọ́bà gbígbẹ ló ń ha á bẹ́yẹn nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá ń wáìn ín.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rọ́bà náà, kó wáìn gíláàsì wálẹ̀ pátá, kó lẹ péépà téèpù mọ́ ara ọ̀dà, kó fi aṣọ wé ẹnu sikurúdíráfà kó tó fi gbé e, díẹ̀díẹ̀ ni o, kílíìpù kan lẹ́yìn òmíì, torí tẹ́ ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀kan náà irin pẹlẹbẹ tó gbé rọ́bà dání á tẹ̀, kì í sì í nà bó ṣe wà mọ́. Ẹ fi sáńdípépà ha ìpẹtà abẹ́ ẹ̀, ẹ fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà kùn ún, ẹ fi wáyà gún ihò ìsàlẹ̀ títí omi á fi máa kọjá fàà.

Bẹ́ ẹ bá dé Gate n'Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ má ra rọ́bà tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, oòrùn ti jẹ ìyẹn náà lára ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ ra tuntun, tẹ́ ẹ bá rí EPDM tí wọ́n kọ sí i ó dáa, irú rọ́bà yẹn máa ń fara da oòrùn. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ti inú yàtọ̀ sí tòde, èyí tó nírun múlọ́múlọ́ ti inú nìyẹn, èyí tó ní ètè rọ́bà lẹ̀ ń wá. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ wọlé ẹ má nà án, torí ó máa padà sún kì ni, àlàfo á yọ nígun, ibẹ̀ lomi á sì gbà. Omi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi mú un yọ̀, kì í ṣe pẹtiróòlù, kì í ṣe kẹrosíìnì, epo yẹn á jẹ́ kó wú ni.

Kẹ́ ẹ tó dá pákó inú padà, ẹ ní kí ẹnì kan da omi sí gíláàsì látòkè kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú. Tèmi, ìwọ̀nba díẹ̀ ló kán sílẹ̀, ó sì gba ihò ìsàlẹ̀ jáde lójú mi.

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ bá mi bẹ àwọn páńẹ́lì bítà wa, tí wọ́n bá gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ wá fún wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ wo rọ́bà òkè ẹ̀ kí wọ́n tó mú ẹ̀rọ ìgé, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló kù fún mi, màá ti ṣe wọ́n tán kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Mọ̀kọ́lá, Ìbàdàn