"Measure" kì í ṣe "estimate"

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn láti Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí yàtọ̀. Bí onírẹsì Ìgbẹmọ bá bu ìrẹsì kún kóńgò, tó fọwọ́ gbá orí rẹ̀ dọ́gba, ó wọ̀n ọ́n: "measure" nìyẹn. Bó bá kàn wo àpò tó wà nílẹ̀, tó ní yóò tó ogún kóńgò, ó fojú bù ú ni: "estimate". Ẹni tó bá wá kọ ọ́ pé ìjọba "wọ̀n" òfò omíyalé, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà á, ti sọ àbá di òótọ́. Èyí ń dùn wá gan-an.

"Reassess" kì í ṣe kí a tún ìrẹsì bù. Ohun tí a ti rò tẹ́lẹ̀ la padà gbé yẹ̀wò, bóyá torí pé òjò ti pa àpò náà.

"Weigh" ló ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jù. "The bag is weighing 50 kilos" kò tọ̀nà. "Weighs" ni, torí ìwúwo kì í ṣe iṣẹ́ tí àpò ń ṣe lọ́wọ́. Obìnrin tó ń gbé e sórí ìwọ̀n ni "is weighing" tọ́ sí. Ẹ má sì torí "sí" tiwa fi "to" ti "estimate" lẹ́yìn: "estimated the cost at 50,000 naira" ni.

Àwa olùkọ́ èdè,
Adó-Èkìtì