Lẹ́tà sí Màmá ní Òkè Àró, Àkúrẹ́

Minneapolis, Amẹ́ríkà

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ṣé ara le? Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín á dé ọwọ́ Táyọ̀ kó tó di Ọjọ́rú.

Ẹ bi mí lọ́jọ́sí pé irú ẹ̀rọ wo ni mò ń ṣọ́ lóru. ECMO ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́. Tí ọkàn ẹnì kan bá dáṣẹ́ dúró lójijì, wọn á máa tẹ àyà rẹ̀, wọn á fi iná ta á jí. Tí wọ́n bá ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ọkàn ò dáhùn, wọn á máa tẹ àyà rẹ̀ bọ̀ lọ́nà títí dé ọ̀dọ̀ wa ní ilé ìwòsàn. A ó ki rọ́bà méjì bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní itan rẹ̀. Ọ̀kan ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde, ó dúdú bíi sóbò; ẹ̀rọ á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á gba rọ́bà kejì padà sára, á pọ́n fòò. Mo máa ń wo rọ́bà méjèèjì ju ojú aláìsàn lọ. Tí àwọ̀ wọn bá ti ń jọra, ẹ sáré pe dókítà.

Ẹ̀rọ yìí kì í wo ọkàn sàn o. Ó ń bá a ru ẹrù ni, kí wọ́n lè ráyè ṣí iṣan tó dí. Ìlú yìí ni wọ́n ti dán an wò, àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2020: nínú aláìsàn 14 tí wọ́n wéwèé ẹ̀rọ fún, 6 jáde láàyè, nínú 15 tí wọ́n tọ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀, 1 péré. Àwọn ará Netherlands náà dán an wò, tiwọn ní 2023 kò fi ìyàtọ̀ gidi hàn. Ìṣẹ́jú ló ń pa èèyàn. Tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ àyà lójú ẹsẹ̀, ọpọlọ á ti lọ kí ẹ̀rọ tó dé.

Màmá, Bàbá ni mò ń rò. Lọ́jọ́ tó ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́jà Ọba, a da omi sí i lórí, a fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, a ń wá mọ́tò. Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan tí mò ń kì í. Kò sẹ́ni tó tẹ àyà rẹ̀. A ò mọ̀ ni.

Mo fẹ́ kí Táyọ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ kọ́ ọ. Àtẹ́lẹwọ́ lé ara wọn láàárín àyà, ìgbọ̀nwọ́ ò gbọdọ̀ tẹ̀, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Kí ẹlòmíì gbà á tó bá rẹ̀ ẹ́.

Lálẹ́ Sátidé màá pè yín lórí fídíò. Kí Táyọ̀ gbé ìrọ̀rí líle sílẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó máa bá a kà á.

Ọmọ yín,
Fọlákẹ́