Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tí ajá wọn ní àtọ̀gbẹ

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní dókítà ti sọ pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe Ṣebótimọ, pé abẹ́rẹ́ ni yóò máa gbà títí ọjọ́ ayé rẹ̀, àti pé nígbà tí wọ́n fi ìwé owó lé yín lọ́wọ́, ẹ ká a sínú àpò, ẹ ní ẹ ń bọ̀. Ẹ wá bi mí bóyá ìkà ni yín. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn ní gbangba, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà nírú ipò yín tí ojú ń tì láti sọ ọ́ jáde.

Ẹ kì í ṣe ìkà. Ìkà kì í jí lóru lọ wo abọ́ omi ajá bóyá ó ti tún gbẹ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣàkíyèsí pé ó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé ó ń tọ̀ káàkiri ilé, pé ó ń jẹun tán síbẹ̀ tí egungun ìhà rẹ̀ ń yọ. Owó ni kò sí. Àìsí owó àti àìsí ìfẹ́ kì í ṣe ohun kan náà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á pọ̀ fún yín.

Ẹ ní ẹnì kan nínú ẹbí ti ń sọ pé ajá lásán ni. Tó bá tún sọ ọ́, ẹ sọ èyí fún un. Ní 1889, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí wọ́n ń pè ní pancreas, kúrò lára ajá kan ní Strasbourg, ajá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ láìdábọ̀, ṣúgà kún inú ìtọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ibi tí àtọ̀gbẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1921, ara àwọn ajá mìíràn ni Frederick Banting àti Charles Best ti dán ínsúlínì, oògùn àtọ̀gbẹ tuntun, wò ní Yunifásítì Toronto, kí Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, tó gbà á ní January 1922. Ínsúlínì tí àwọn ènìyàn ń gún lónìí, ajá ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ohun tó tún máa ń dùn mí ni pé ní 1923, Banting, Best àti James Collip gbé ẹ̀tọ́ orí oògùn náà fún yunifásítì ní dọ́là 1 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ibi tí owó rẹ̀ wá dé lónìí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí: ẹ padà lọ bá dókítà, kí ẹ sì sọ iye tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ẹ sọ ọ́ láìfi ṣe àwàdà, láìtọrọ àforíjì: "Dókítà, agbára mi lóṣù kò ju báyìí lọ. Kí la lè fi ṣe?" Ìtọ́jú tó pé pérépéré ni dókítà máa ń kọ sílẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn, wọn kò sì mọ ohun tó wà nínú àpò ẹnikẹ́ni. Láàárín ìtọ́jú tó pé pérépéré àti kí a má ṣe nǹkan kan, àyè gbòòrò wà. Nígbà tí àtọ̀gbẹ ń ṣe Tanímọ̀la, ajá tèmi, ìgbà tí mo sọ iye tèmi jáde ni dókítà wa tó fa ìwé náà padà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé àwọn nǹkan tó lè dúró.

Ohun tí kò lè dúró ni ínsúlínì. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ ajá, kò sí oúnjẹ tàbí oògùn oníhóró tó lè dípò rẹ̀: lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, bíi wákàtí 12 síra wọn, pẹ̀lú oúnjẹ tí kì í yí padà. Ibẹ̀ ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ. Ẹ béèrè bóyá èyí tí wọ́n ṣe fún ènìyàn lè bá a lára mu, ó lè dínwó. Àmọ́ ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ìgò àti abẹ́rẹ́, òun ló ń sọ bí ínsúlínì ṣe lágbára tó: ẹ má fi abẹ́rẹ́ U-40 fa ínsúlínì U-100 o! Ìlọ́po 2.5 ni yóò wọ ara rẹ̀, ìyẹn sì lè pa á. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa san díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wádìí ilé ìwòsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko ti ń kọ́ṣẹ́, owó ibẹ̀ lè rọjú. Ti ìbánigbófò, ẹ má fi àkókò ṣòfò lé e, wọn kì í sábà sanwó lórí àìsàn tí wọ́n ti rí kí ẹ tó wọlé.

Owó kan tún wà tó tọ́ kí a wá kiri, ìyẹn ti iṣẹ́ abẹ tí wọn yóò fi yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbàkígbà tí ara abo ajá bá wá akọ, ínsúlínì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ lára rẹ̀, owó oògùn tí ẹ ti ná yóò sì máa wọlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín oògùn kù fúnra yín kí ìgò lè pẹ́. Ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí oògùn ìrora ènìyàn mìíràn, ó ń ba kíndìnrín ajá jẹ́. Bí kò bá jẹun, tàbí tó ń bì, ẹ pe dókítà kí ẹ tó gún un. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń yẹ̀, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù: ẹ fi oyin pa á ní èrìgì, kí ẹ sì gbé e lọ kíá.

Ti abẹ́rẹ́ gígún tó ń bà yín lẹ́rù, ọwọ́ yín yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó máa jẹun lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fa awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè títí tí yóò fi dà bí àgọ́ kékeré, kí ẹ ti abẹ́rẹ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kan irun ibẹ̀, kí ẹ sì gbóòórùn ìka yín. Bí irun bá tutù, tí òórùn oògùn sì wà níbẹ̀, kò wọlé nìyẹn. Ẹ má gún òmíràn o, ẹ dúró de ìgbà tó kàn. Tanímọ̀la kì í tilẹ̀ gbé orí kúrò nínú abọ́.

Ojú rẹ̀ náà ń kọ́? Mi ò ní tàn yín. Inú ẹyinjú ọ̀pọ̀ ajá tó ní àtọ̀gbẹ máa ń funfun títí wọn kò fi ní ríran mọ́, ó sì lè má pẹ́ púpọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ abẹ wà fún un, àmọ́ àwa kò ṣe é fún Tanímọ̀la, torí owó tí à bá fi ṣe é ni owó ínsúlínì. Ó fi èjìká ra ògiri lọ ra ògiri bọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó yá ó há gbogbo ilé sórí. Ohun tí ó ná wa ni pé a kò gbọ́dọ̀ sún àga kankan kúrò níbi tó wà. Ó gbó, ó ju ìrù, ó gbádùn oòrùn àárọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan sí i.

Èyí tó kẹ́yìn ló le jù láti kọ. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ínsúlínì fúnra rẹ̀ kò ṣeé rà mọ́, tàbí tó jẹ́ pé owó oúnjẹ àwọn ọmọ ni ẹ ń mú, ẹ lè ní kí dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn tí kò ní jí. Èmi ò gbà pé ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí àtọ̀gbẹ máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìsí oògùn ló burú ju ìyẹn lọ. Bí ọjọ́ náà bá dé, màá wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín.

Mo ti di ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà Tanímọ̀la, mo sì ti fi rán ọmọ yín sí yín. Ti ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún, nǹkan tó ń sọ lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹ̀rọ ajá, nítorí náà ẹ gbé e lọ hàn dókítà kí ẹ tó gbára lé e. Pépà rẹ̀ tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí nìkan lẹ máa rà. Ẹ pè mí lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí dókítà, kí ẹ sì sọ iye tí wọ́n dín in kù sí fún mi, ká wo èyí tí èmi náà lè máa gbé lóṣooṣù.

Àbúrò yín